Awò wo ló yẹ ráífù tí mo ń yìn láti 10 mítà dé 300?

Ọ̀sánTiPọ́n:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, mi ò kàn dá sí i ni, àmọ́ ó ti wá kàn mí báyìí. Ráífù 5.56 (ìwọ̀n ọta tó ń yìn nìyẹn) ni mo ní, ojú irin tó bá a wá náà ni mo sì ń lò látọjọ́ yìí, kò sí wàhálà kankan, àfi ìgbà tí mo lé ní ọdún 45 tí irin iwájú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí èéfín lójú mi. Tí mo bá tẹjú mọ́ irin, n ò rí páálí, tí mo bá wo páálí, irin á pòórá. Ẹgbẹ́ tí mo wà máa ń ṣe ìdíje kékeré, páálí àti irin pẹlẹbẹ láti 10 mítà títí dé 50, a ń sáré, a ń yìn, tó bá wá kù díẹ̀ ká parí wọ́n á ní ká dọ̀bálẹ̀ ká yin irin kan tó wà ní 200 tàbí 300.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní red dot ni (awò tó ń tan dọ́ọ̀tì pupa kan sójú dígí), ó ní kò sóhun tó yá tó o nítòsí. Mo gba tiẹ̀ wò. Ẹ gbà mí o, ohun tí mo rí kì í ṣe dọ́ọ̀tì, kọ́mà ni, kọ́mà tó nírù! Òun ní roboto lòun ń rí i. Ẹnì kejì ní kí n lọ gbé 1-6 (awò tó ń sọ nǹkan di ńlá láti ìlọ́po 1 dé 6), ẹnì kẹta ní ṣebí 4x (ìlọ́po 4) làwọn sójà ń lò, kí ni mo tún ń wá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò fẹ́ rà á tán kí n tún padà lọ ra òmíì.

BàbáPápá:

Àbúrò, káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ rírà sílẹ̀ ná, kọ́mà yẹn ni ká kọ́kọ́ mú. Ó lè jẹ́ ojú ẹ, ó sì lè jẹ́ awò ọ̀rẹ́ ẹ, bó ò bá mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì wàá kàn máa náwó ni. Padà lọ bá a, kó tú awò yẹn kúrò lórí ìbọn pátápátá (ẹ má gbé ìbọn sókè nínú ilé torí pé ẹ fẹ́ yẹ awò wò, àgbàlagbà ni wá), tàn án, kó o wá dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù títí tí dọ́ọ̀tì á fi kàn hàn lára ògiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tan dọ́ọ̀tì bí ẹni tan iná mọ́tò lóru, bẹ́ẹ̀ kò sí dọ́ọ̀tì tí kò ní fọ́n káàkiri bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù. Ògiri ni kó o máa wò o, má tẹjú mọ́ dọ́ọ̀tì. Wá máa yí awò náà lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò. Bí ìrù kọ́mà bá ń bá awò yí, awò lẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀. Bí awò bá ń yí tí ìrù ò kúrò níbi tó wà, ojú tìẹ ni. Tún fi fóònù yà á. Bí fóònù bá rí i roboto tí ìwọ ń rí kọ́mà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ohun tó ń fà á ò le. Iwájú ẹyinjú àwọn kan ò rí bíi bọ́ọ̀lù, ó fẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ bí ẹ̀gbẹ́ ẹyin, ìmọ́lẹ̀ tó bá gbabẹ̀ wọlé kì í pàdé lójú kan. Astigmatism làwọn dókítà ojú ń pè é. Gíláàsì ń tún un ṣe.

Bí ojú bá ni lóòótọ́ tí o ò sì fẹ́ kó gíláàsì lọ sí pápá, wo awò tí wọ́n ń pè ní prism. Ti prism, ara dígí ni wọ́n fín ilà sí, bátìrì yè o, bátìrì kú o, ilà dúdú á wà níbẹ̀, ibì kan sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tí wàá máa yí títí á fi bá ojú ẹ mu. Ó wà ní 1x, ó wà ní 3x, ó wà ní 5x. Àléébù ẹ̀ ni pé ojú ẹ gbọ́dọ̀ wà níbi tó fẹ́ kó wà, tí orí ẹ bá yà díẹ̀, dúdú ni wàá rí.

Kó o tó dá mi lóhùn, nínú ọta 100 tó o bá yìn, mélòó ló ń lọ sí 300? Ka á o, má fojú díwọ̀n ẹ̀.

Yáràyárà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà yín láàmú jàre, red dot 2 MOA ni (MOA ni ìwọ̀n bí dọ́ọ̀tì ṣe tóbi tó), tówó bá tún yọ kí ẹ gbé mágínífáyà 3x, awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, sẹ́yìn ẹ̀, ó tán. Mo ti lo gbogbo ẹ̀, 1-4, 1-6, prism, gbogbo ẹ̀ ni mo tà, red dot ló kù lórí ìbọn mi torí pé lábẹ́ 50 mítà kò sóhun tó lè lé e bá, ojú méjèèjì là, ẹ wo irin tí ẹ fẹ́ yìn, dọ́ọ̀tì á wá bá yín níbẹ̀, kò ní kí ẹ gbé orí síbì kan pàtó. Ti ọdún 45 yín yẹn gan-an, òun lẹ nílò, torí dọ́ọ̀tì máa ń hàn bíi pé ọ̀nà jíjìn ló wà, ojú ò nílò láti máa fà wá fà lọ láàárín irin iwájú àti páálí mọ́.

Ẹni tó bá ní dọ́ọ̀tì ò ṣeé lò ní 200, kò mọ ìṣirò. MOA 1 jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 3 ní 100 mítà. Dọ́ọ̀tì 2 MOA á bo bíi 6 ní 100, á bo 12 ní 200, á bo nǹkan bíi 17 ní 300. Irin tí wọ́n ń yìn ní 300 kì í sábàá kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sáà ra 6 MOA, ìyẹn nìkan á bo 35 ní 200, irin yín á sá sábẹ́ ẹ̀.

Bátìrì ńkọ́, ẹ gbàgbé ìyẹn. Red dot Aimpoint T-2 ń lo wákàtí 50,000 lórí bátìrì CR2032 kan, ó lé ní ọdún 5 tí ẹ ò paná ẹ̀. Kì í sì í ṣe nǹkan àná, 1975 ni Aimpoint ti gbé àkọ́kọ́ tiwọn jáde ní Súwídìn.

Ohun kan tí mi ò ní parọ́ fún yín ni pé mágínífáyà tó bá sọ irin di ńlá, á sọ kọ́mà di ńlá pẹ̀lú.

ÌyáỌdẹ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Yáràyárà, ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ohun tó o tà yẹn, ṣé o fara balẹ̀ lò wọ́n rárá kó o tó tà wọ́n?

Bọ̀dá, èmi 1-6 ni mo ń lò láti bí ọdún mẹ́fà, fún ìdíje àti fún ẹlẹ́dẹ̀ ìgbó. Mi ò ní sọ fún yín pé òun ló dáa jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an torí àwọn tó ń polówó ẹ̀ kì í sọ ọ́ tán.

Oore ẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ẹ máa RÍ nǹkan. Dọ́ọ̀tì ò lè fi ohun tí ojú yín ò rí hàn yín. Ní 300 mítà nígbà tí koríko bá gbẹ tí irin náà sì ti ní àwọ̀ koríko, ẹni tó ní dọ́ọ̀tì á máa bi yín pé ibo ló wà. Èmi á fà á dé 6, mo ti rí irin, mo rí ibi tí ọta tó kọ́kọ́ lọ ti bó ọ̀dà lára ẹ̀. Inú ẹ̀ sì ní ilà tí wọ́n fín bíi ti prism tí Bàbá sọ, ẹ máa yí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ojú yín mu. Bí ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ wo ògiri funfun tàbí òfuurufú, ẹ wò ó fìrí, ẹ gbójú kúrò, ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún wò ó fìrí. Tí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn lójú kan, ojú yín á fipá gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ máa rò pé ó ti dáa, lẹ́yìn wákàtí kan orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín. Èmi ò ṣe èyí nígbà tí mo rà á, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú awò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó wá ku ibi tó ti ń dunni. Ó wúwo. Red dot kékeré ò ju bíi 100 gíráàmù lọ, 1-6 pẹ̀lú máùǹtì ẹ̀ (irin tó dè é mọ́ ìbọn) lè tó 700, iwájú èjìká yín á sọ fún yín tó bá di ọ̀sán. Èkejì, bí ẹ bá ṣe ń fà á sún mọ́ ni ihò tí ẹ ń gbà wò á máa há. Ẹ mú fífẹ̀ dígí iwájú ẹ̀, ẹ fi iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá pín in. 24 mìlímítà, tó bá wà ní 6, 4 mìlímítà ni ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí yín lójú. Tó bá jẹ́ 1-8 tí iwájú ẹ̀ jẹ́ 24, ní 8 ó di 3. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín gbọ́dọ̀ jókòó sójú kan náà lára ìdí ìbọn nígbà gbogbo. Torí náà kì í ṣe pé tó bá ti pọ̀ ló dáa o, 1-10 tí ẹni tó ń yin 50 mítà ń gbé kiri, mi ò mọ ohun tó ń wá.

Ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè kan kí ẹ tó sanwó, ṣé ilà inú ẹ̀ ń tóbi bí ẹ ṣe ń fà á, àbí ó ń dúró bó ṣe wà? Èyí tó ń tóbi, àmì tó wà nísàlẹ̀ ilà fún ọ̀nà jíjìn máa ń péye níbikíbi tí ẹ bá yí i sí, àmọ́ tó bá wà ní 1 ilà yẹn á tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn, bí iná inú ẹ̀ ò bá lágbára tó oòrùn ọ̀sán, ẹ ò ní rí i tí ẹ bá ń sáré. Èyí tó ń dúró, ó hàn dáadáa ní 1, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni àwọn àmì yẹn ti ń péye, ibi tó ga jù ló sábà máa ń jẹ́. Fún ìdíje tí ẹ sọ yẹn, èyí tó ń dúró ni màá mú, ẹ máa tó yin 300 ẹ ti fà á dé 6 lọ́nàkọnà.

Ẹni tó ní 4x làwọn sójà ń lò yẹn, ẹ bá mi kí i. ACOG 4x32, ìyẹn 4x tó ń sọ, lágbára lóòótọ́, àmọ́ ojú yín ní láti wà ní bíi 4 sẹ̀ǹtímítà sí i, 4 náà lá sì máa wà títí ayé, yálà irin wà ní 300 tàbí ó wà níwájú yín gbọnrangandan. Àwọn Marine Amẹ́ríkà tó lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2020 wọ́n yan 1-8 ti ilé iṣẹ́ Trijicon.

Ẹ̀yin tó ń lo tèmi ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dá a padà sí 1. Mo gbàgbé ẹ̀ sí 6 lọ́jọ́ kan nínú ìgbẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ já síwájú mi ní nǹkan bíi 15 mítà, mo gbé ìbọn, mo wo inú awò, irun ni mo rí. Irun dúdú kún inú awò bámú, mi ò mọ̀ bóyá èjìká ni àbí ìdí, mi ò yìn ín. Kí n tó yí i dé 1 ó ti lọ.

Yáràyárà:

Irun bámú ke! Ìyá wa ẹ ò ní pa mí.

Ọ̀sánTiPọ́n:

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ṣe gbogbo ohun tí Bàbá ní kí n ṣe. Mo yí awò, ìrù ò yí. Mo yà á ní fọ́tò, ó roboto bí ẹyin ẹja. Ojú mi ni. Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà ojú.

Mo tún ka ọta mi bí ẹ ṣe wí, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kan torí ìdíje. Nínú 400 tó kẹ́yìn, 312 ò kọjá 50 mítà, 64 lọ sí 100, 24 péré ló lọ sí 300. Ẹnu yà mí o. Lọ́kàn mi mo rò pé ìdajì ni mo ń yìn sọ́nà jíjìn, bóyá torí pé ìyẹn ni mo máa ń rántí délé.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ lákọ̀ọ́kọ́, ojú tì mí ni. Ní 10 mítà ọta mi máa ń wọ ìsàlẹ̀ ibi tí mo fojú sùn. Tó bá di 50, ó wọlé gẹ́lẹ́. Mo rò pé mò ń já tírígà ni. Ṣé awò tuntun á yanjú ìyẹn?

BàbáPápá:

Kò ní yanjú ẹ̀, torí kò sí ohun tó bàjẹ́. Tírígà ẹ ò ṣẹ̀.

Lórí irú ráífù yẹn, ojú tí o fi ń wò fi nǹkan bíi 6 sẹ̀ǹtímítà ààbọ̀ ga ju páìpù tí ọta ń gbà jáde lọ. Ìsàlẹ̀ ni ọta ti ń bọ̀, ó wá ń gòkè lọ pàdé ojú ẹ ní 50 tó o tọ́ ọ sí. Ní 10 mítà kò tíì gòkè dé ibì kankan, bíi 5 sẹ̀ǹtímítà ló ṣì fi wà nísàlẹ̀. Bó o bá fẹ́ kó wọ àárín ní 10, gbé ojú sókè ní sẹ̀ǹtímítà 5, kó o gbìyànjú ẹ̀ lórí páálí títí á fi mọ́ ẹ lára. Irin kékeré ní 10 mítà máa ń dójú ti àwọn àgbà gan-an, wọ́n á fojú sun àárín, ọta á gba ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá.

Tọ́ ọ sí 50 náà, má yí i. Pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọta 5.56, tó bá pàdé ní 50, ó máa ga díẹ̀ ní 100, á tún padà pàdé nítòsí 200. Ní 300 ó ti já wálẹ̀ ní ohun tó lé ní 25 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ni wàá lọ fojú ara ẹ wò ní pápá pẹ̀lú ọta tí ìwọ gan-an ń rà.

Ó ku ohun tí kò sẹ́ni tó tíì sọ nínú gbogbo yín. MÁÙǸTÌ. Mo ti fi odindi ọjọ́ Sátidé kan ṣòfò rí, ọta ń lọ sápá òsì, mo yí kílíìkì tí wọ́n fi ń tọ́ awò, ó lọ sápá ọ̀tún, mo tún un yí, ó padà. Mo pààrọ̀ ọta, mo bú awò, mo bú ẹni tó tà á fún mi. Nígbà tí mo délé tí mo fọwọ́ kan awò, ó mì. Síkúrù kan ló tú, ọ̀kan péré. Látìgbà yẹn, tí mo bá de síkúrù tán, mo máa ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí síkúrù bọ́ sára máùǹtì, tí ìlà yẹn bá ti já mo mọ̀ pé ó ti yí. Má fi agbára dè é o. Òrùka tó gbá awò mú ò fẹ́ ju bíi 2 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń de síkúrù) lọ, ìwé tó bá a wá á sọ iye tó jẹ́ gan-an, ẹni tó bá fún un jù á tẹ páìpù awò rún. Ra irinṣẹ́ tó ń díwọ̀n ẹ̀.

Lórí 312 nínú 400 tó o kà yẹn, ìwọ náà mọ ohun tó ń sọ.

Yáràyárà:

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó pinnu, ẹ wá ẹni tó ní holographic, oríṣi awò míì tó ń tan àmì sójú dígí bíi red dot, kí ẹ wò ó. Ti ilé iṣẹ́ EOTech ní òrùka ńlá 68 MOA tí dọ́ọ̀tì 1 MOA wà láàárín ẹ̀, àwọn kan tí dọ́ọ̀tì ń di kọ́mà lójú wọn ní tibẹ̀ sàn díẹ̀, àwọn míì ní ó kàn ń ṣe bí iyanrìn. Ibi tó wù mí jù lára ẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ òrùka yẹn gan-an lẹ máa fi yìn tí ohun tí ẹ ń yìn bá wà ní nǹkan bíi 6 mítà, ọ̀rọ̀ ọta-ń-wọ-ìsàlẹ̀ tí Bàbá sọ ti wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ó ń jẹ bátìrì, wákàtí 600 sí 1,000 ni àwọn oní-bátìrì kan ń lò, ẹ gbọ́dọ̀ máa rántí paná.

Ọ̀sánTiPọ́n:

Ẹ kú sùúrù mi. Dókítà ojú ti yẹ̀ mí wò. Ó ní ojú ọ̀tún ni, ó sì ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ó wá ní kí n sọ fún òun, ṣé iná mọ́tò kì í nà bí ìgbálẹ̀ lójú mi lálẹ́? Mo ní gbogbo èèyàn kọ́ ló ń rí i bẹ́ẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín.

Mo gba gíláàsì náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì lọ bá ọ̀rẹ́ mi tààrà. Dọ́ọ̀tì yẹn roboto! Ó ku ìrù kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, mo dín in kù, ó lọ. Mo tún gba 1-6 ẹnì kan yìn ní 300, Ìyá wa ò parọ́, mo rí ìhò lára irin. Àmọ́ nígbà tí a padà sí 10 mítà tí wọ́n ní ká máa sáré, mo ń wá ojú mi nínú awò bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lókùnkùn. Nítorí ọta 24 nínú 400, mi ò lè gbé 700 gíráàmù. Red dot 2 MOA ni mo mú, màá wá wo ti mágínífáyà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó ku máùǹtì. Méjì ni wọ́n fi hàn mí, ọ̀kan wà ní ìwọ̀n tí gbogbo èèyàn ń lò, èkejì fi bíi 1 sẹ̀ǹtímítà ga jù ú lọ. Èwo ni kí n mú?

ÌyáỌdẹ:

Bọ̀dá, ẹ kú oríire. Ọjọ́ tí koríko bá gbẹ ní 300 ẹ mọ ibi tí ẹ ti máa bá mi, màá yá yín.

BàbáPápá:

Gíláàsì ti wọ̀ ọ́, èyí tó ga ni. Tí awò bá wà nísàlẹ̀ wàá tẹ orí ba, wàá wá máa fi etí òkè gíláàsì wò, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ṣe é pé kó o máa gbà wò, kọ́mà á tún padà wá kí ẹ. Èyí tó ga á jẹ́ kí ọrùn ẹ nà, wàá gba àárín gíláàsì wò. Àmọ́ ó ti jìnnà sí páìpù sí i nìyẹn, sẹ̀ǹtímítà 5 tí mo sọ ní 10 mítà á di bíi 6. Lọ yìn ín lórí páálí kí ìdíje tó dé.